Fúláwà Màmá Òkè

Lafiaji, Ọjọ́bọ̀, oṣù kejì, 1975

Ojú ṣì ń tì mí.

Màmá Òkè, tó ń gbé lókè ilé wa, ti Ìbàdàn dé lónìí. Mo gbé fúláwà pálọ̀ wọn tí wọ́n ní kí n máa bá wọn tọ́jú gòkè lọ, mo sì ń fọ́nnu: "Ara rẹ̀ ti yá, mà. Àìsàn ń ṣe é nígbà tí ẹ lọ, funfun wà lára ewé rẹ̀ káàkiri. Mo já gbogbo èyí tó funfun dànù kó má baà ran ìyókù, bí a ti ń ṣe ẹ̀fọ́ nílé wa."

Wọ́n ń fi ìka tú àárín ewé tó kù.

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn," ni wọ́n rọra wí. "Funfun yẹn ni ọkọ mi rí tó fi rà á fún mi, kó tó kú."

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Àmọ́ ṣé mo béèrè ni?

Ká ní wọ́n bínú ni, ì bá sàn. "O kú ìtọ́jú, ọmọ mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì fún mi ní àdìrẹ tí wọ́n rà bọ̀ fún mi. Mo kúnlẹ̀ gbà á.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u wò lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Aró dúdú ni, funfun wà lára rẹ̀ káàkiri.