Àáró Nàìjíríà, Sùdáánì àti Mòrókò

Erinje,
Nítòsí Òkìtìpupa.
Ọjọ́rú, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1969.

Akínsànyà ọmọ mi,

Ara rẹ yá bí? Ara tèmi yá, ti baba rẹ náà yá àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún bí òjò bá ti ṣú, Catherine àbúrò rẹ ń kí ọ, ó ti ń ga débi pé aṣọ Kérésì tó kọjá kò bá a mu mọ́. Ọlọ́run tó pa ọ́ mọ́ láàárín èrò rẹpẹtẹ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ kò ní rọ, ojú rẹ kò ní ṣú, o ò ní fi ẹsẹ̀ kọ. Àmín.

Ìyàwó Jethro tó múlé tì wá ti bí, obìnrin ni, ọmọ náà fẹ́ràn ariwo bíi baba rẹ̀. Òjò ti ba ọ̀nà Òde-Ìrèlè jẹ́, ẹni tó bá fẹ́ lọ á bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́. Pupuru tí mò ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe ń tà dáadáa lọ́jà Igbotako, a dúpẹ́. Ìròyìn ilé ò ju báyìí lọ, torí ọ̀rọ̀ tìrẹ ló wà lọ́kàn mi.

Lucas awakọ̀ lọ́rí mú lẹ́tà rẹ dé nírọ̀lẹ́ àná, bí mo ṣe ń to ìṣù pupuru sókè iná. Ọwọ́ mi kún fún ẹ̀gẹ́, n kò lè dúró kí n fọ̀ ọ́, mo fi eyín já ẹnu lẹ́tà náà. Ohun tí mo kà níbẹ̀ kò dùn mọ́ mi. O ní bọ́ọ̀lù kan gba àárín ẹsẹ̀ rẹ kọjá wọ inú àwọ̀n nígbà tí àwọn ará Sùdáánì wá sí Èkó, o ní òun ni kò jẹ́ kí ẹ borí tí ẹ fi ta ọ̀mì, àwọn èrò ń hó lé ọ lórí, wọ́n ń ju èèpo ọsàn lù ọ́, o ní o ti di ẹrù rẹ, pé bí Lucas bá ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ìwọ náà á bá a bọ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ wọ bàálù wọn lọ sí Mòrókò nírọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta láìsí ìwọ. Baba rẹ gbọ́, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí ọmọ òun máa bọ̀, pé ọ̀pẹ wà nílẹ̀ tí ẹnì kan kò gùn, wọn kì í sì í ju èèpo ọsàn lu èèyàn lórí ọ̀pẹ. Mo ní o ò ní bọ̀. Láti àná ni èmi àti baba rẹ kò ti bára wa sọ̀rọ̀ tó dáa, ó ṣá ń jẹ oúnjẹ mi.

Kí o má baà rò pé agídí lásán ni, mo lọ bá Tísà Gbádégẹṣin ní òwúrọ̀ yìí kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yìí fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni wọ́n kó sínú ẹgbẹ́ kan, àwa, Sùdáánì àti Mòrókò. Oníkálukú máa gbàlejò èkejì nílé, á tún lọ sílé tiwọn náà títí yóò fi kárí. Ẹni tó bá borí gba máàkì méjì, bó bá jẹ́ ọ̀mì, kí wọ́n gbà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò tíì sọ ọ́ tán tí mo fi pàtẹ́wọ́. Mo ní Tísà, àáró ni! Ó ní kì í ṣe àáró. Mo ní ẹ dákẹ́ jàre Tísà, ẹ̀yin ò roko rí.

Akínsànyà, ṣebí ohun tí èmi, Àjọkẹ́ àti Morìnsọ́lá ti ń ṣe kí a tó bí ọ nìyẹn? Lónìí a ro oko Àjọkẹ́, lọ́la a ro tèmi, lọ́tùnla ó di ti Morìnsọ́lá, ẹni tí a bá lọ sóko rẹ̀ ló máa se oúnjẹ. Àwọn ará Sùdáánì ti wá ṣe tiyín, wọ́n fi ìyàwó sílẹ̀ nílé, wọ́n sáré nínú oòrùn, wọ́n fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ yín ní Èkó títí iṣẹ́ fi parí. O wá fẹ́ máa bọ̀ nílé nígbà tó kan kí ẹ̀yin náà jáde? Kí ni wọ́n á máa pè wá lọ́hùn-ún? Ilé wa kò jẹ àáró ẹnikẹ́ni kó sá lọ rí, kò ní bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ.

Ibi kan ṣoṣo tí Tísà ti rú mi lójú ni pé, lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, ẹyọ ẹnì kan nínú ẹ̀yin mẹ́ta ló máa lọ síbi àsè ńlá bọ́ọ̀lù àgbáyé ní Mẹ́síkò, kí àwọn méjì tó kù máa lọ sílé. Èèmọ̀! Irú àáró wo nìyẹn? Mo ní kó bá mi kọ̀wé sí àgbà wọn, ẹni yòówù kó jẹ́, pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ, Mẹ́síkò ò ní ṣàìní yàrá. Tísà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àgbàlagbà!

Bọ́ọ̀lù tó wọlé yẹn gan-an, n kò rí ẹ̀bi rẹ níbẹ̀. Ilé Jethro ni gbogbo wa péjọ sí nídìí rédíò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin inú rédíò ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, mo gbọ́ orúkọ rẹ, inú mi dùn, mo tún gbọ́ tó ní bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n. Gbogbo ilé káwọ́ lérí, èmi nìkan ni mo dìde tí mo ń jó. Ìyàwó Jethro bi mí bóyá orí mi pé. Mo ní kí ló dé, ṣebí kó lè mú nǹkan ni wọ́n ṣe ta àwọ̀n sílẹ̀? Mákánjúọlá tó ń gbé ẹja wá láti etí òkun wà níbẹ̀, mo ní kó dá sí i, torí àwọ̀n ni òun fi ń jẹun. Ó ní òun ò rí i rí kí àwọ̀n mú nǹkan kí ẹni tó ni ín máa sunkún. Tísà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ṣe ni wọ́n fẹ́ kó ṣófo. Ó dáa, bí wọ́n bá fẹ́ kó ṣófo, kí wọ́n ká a kúrò níbẹ̀! Wọn ò ká a, wọ́n fi ọmọ mi síwájú rẹ̀, àwọn mẹ́wàá yòókù ń sáré kiri pápá. Nígbà tí bọ́ọ̀lù yẹn ń bọ̀, níbo ni àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà? N kò gbọ́ pé ẹnì kan ju èèpo ọsàn lù wọ́n.

Ká tiẹ̀ ní ẹ̀bi rẹ ni. Lọ́dún tó kọjá tí à ń ro oko Àjọkẹ́, Morìnsọ́lá ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò wo iwájú rẹ̀, ó fi ọkọ́ hú ẹ̀gúsí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ewé, odindi poro kan, kí a tó pariwo. Àjọkẹ́ bú u, o mọ ẹnu Àjọkẹ́, kò fi ìyá rẹ̀ tó ti kú sílẹ̀. Morìnsọ́lá ju ọkọ́ nù, ó sunkún délé, ó ní òun kúrò nínú àáró. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní Morìnsọ́lá, oko mi ló kàn lónìí, mo ti se ẹ̀wà, dìde. Ó ní ojú ń ti òun. Mo ní kó gbé ojú tó ń tì í náà dání, ọwọ́ rẹ̀ ni mo wá pè. Ó dìde. Òun ló parí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣáájú wa lọ́jọ́ náà, Àjọkẹ́ ló sì bu omi fún un mu.

Nítorí náà, tú ẹrù yẹn kíá. Bí ẹ bá dé Mòrókò, ẹ kọ́kọ́ kí onílé kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ bi wọ́n níbi tí ààlà oko wọn dé. Tísà ní wọ́n máa ń fi ẹfun fa ìlà sí i, ìyẹn dára, kò ní sí ìjà ilẹ̀. Gbé ìbọ̀wọ́ tìrẹ dání, má yá tiwọn lò. Oúnjẹ ọ̀sán, ọrùn wọn ló wà, bí wọn ò bá gbé e wá, ẹ béèrè, ẹ̀tọ́ yín ni. Nínú bàálù, jókòó nítòsí awakọ̀ kó lè mọ ojú rẹ, má yọ orí síta, bí ẹ bá sì dúró lọ́nà, má jìnnà, kí wọ́n má baà fi ọ́ sílẹ̀ bí lọ́rí ṣe fi Aníwúrà ẹ̀gbọ́n Àjọkẹ́ sílẹ̀ ní Igbotako. Mo fi pupuru, epo àti ẹja gbígbẹ rán Lucas sí ọ. Èyí tó tóbi jù nínú ẹja náà kì í ṣe tìrẹ, fún onílé Mòrókò ni.

Ní ti owó, n kò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ìjọba bá fún yín ní nǹkan, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún kẹrosíìnì, kí o fi ti aṣọ ìkórè mi kún un, àti bátìrì, torí Jethro ní òun ò ní tan rédíò mọ́ fún ẹni tó ń jó nígbà tí gbogbo ìlú ń sunkún, àfi tí mo bá ra bátìrì.

Ó wá ku èyí. Nínú àáró tiwa, bí ẹnì kan kò bá lè wá, ẹlòmíràn láti ilé rẹ̀ ló ń gbé ọkọ́ wá dípò rẹ̀. Baba rẹ kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí orúnkún, Catherine ń lọ sílé ìwé. Ó ku èmi. Láti ìgbà tí Catherine ti dé láti ilé ìwé lónìí ló ti ń ju ọsàn sí mi lẹ́yìnkùlé, mo sì ń mú un, ọ̀kan péré ló bà mí níwájú orí. Mo ti fọ bùbá funfun mi, mo ti sọ fún Morìnsọ́lá kó máa bá mi wo iná pupuru. N kò ṣeré. Bàálù á dẹ́rù bà mí, èrò á hó lé mi, kí wọ́n hó. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wọ́n pè, ìwọ ni mo sì fẹ́ kó lọ. Bí o bá lọ, tí ogún bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ, máa bọ̀ nílé tààrà, mo máa pa adìẹ fún ọ, ẹni tó bá yọ ṣùtì sí ọ ní Erinje yìí á rí ìjà mi. Kí o ṣáà ti lọ ná.

Ọlọ́run á gbé ọ gòkè láyọ̀, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, á fi ẹ̀rín rọ́pò ìtìjú yìí ní ẹnu rẹ. Lucas máa dé lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá jẹ́ ìwọ ló gbé bọ̀, èmi ni yóò gbé padà lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyádùnní Ẹkúndayọ̀.