Ilé Odoakpu Fẹ́ Di Tiwa

Bọ̀dá Ọládìran,

Mo kí yín àti gbogbo ilé. Ìfúnpá Màmá ti wálẹ̀.

Ajẹ́ńtì ni alárinà láàárín ẹni tó ń ta ilé àti ẹni tó fẹ́ rà á. Obiora, ajẹ́ńtì wa, kò kọ́kọ́ jẹ́ kí n sanwó láti ra ilé Odoakpu tí a ń gbé: "Dókítà, rọra! Ilé bàbá wọn ni, ẹ̀gbọ́n onílé lóbìnrin kò tíì fọwọ́ sí i."

Lánàá, ẹ̀gbọ́n onílé náà ti Ábá dé, ó fọwọ́ sí i! Ó ní, "Ta ni ká tà á fún, bí kò ṣe àwọn tó ń gbá a láti ogún ọdún?"

Ọlọ́run á jẹ́ ká gbé ibẹ̀ pẹ́. Orúkọ àwa méjèèjì ni yóò wà nínú ìwé, nítorí náà, ẹ kọ orúkọ yín sẹ́yìn fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì, kí ẹ fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ wá sí ibùdókọ̀ Iweka Road níbí ṣáájú ọjọ́ Ẹtì.

Àbúrò yín,
Olúwẹ̀mímọ́