Ẹ̀gẹ́ Ìdí Àpáta

Ìyá mi,

Kólẹ́tì, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má tún un ṣe. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ti lọ sọ́run kí wọ́n tó bí i.

Mo ti hú ẹ̀gẹ́ yín tó wà nídìí àpáta. Gbogbo rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ebè wọ̀nyẹn. Bí ebi bá tilẹ̀ mú wa, ìwọ̀nba lẹ máa ń hú, ẹ ó sì ti gbin igi rẹ̀ padà kí ẹ tó gbẹ́rù sórí.

Nígbà tí àwọn tó ń wá gbàdúrà sí Màríà kún ìlú Dásà, òjò dá ọkọ̀ dúró, gàrí sì tán lórí àtẹ fún ọjọ́ kan péré. Obìnrin tó ń tà á bẹ̀rù, ó ní kí wọ́n fi àpò kan lé iye tí òun ń rà. Ẹni tó ń já gàrí fún un bẹ̀rù, òun náà fi tirẹ̀ lé e. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa dé ọ̀dọ̀ Alájà tó ń gun òkè wá kó gàrí wa, ìlọ́po mẹ́ta ló ní òun fẹ́. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ó sọ ọ́ lábúlé Kpingni, ó sọ ọ́ ní Tré. Kò sẹ́ni tó purọ́. Ẹ̀rù ló ba kálukú.

Ó ba èmi náà. Oko mi kò tó, ni mo bá lọ sídìí àpáta. Mo ní màá gbin igi rẹ̀ lọ́la. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rin ẹ̀gẹ́, tí mo ń yan gàrí. Ikán jẹ igi náà. Kólẹ́tì, má wò mí, kọ ọ́.

Gbogbo gàrí òkè yìí wá bọ́ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wá gbàdúrà ti lọ sílé wọn. Alájà kò wá mọ́. Gàrí kún yàrá yín, ọ̀rinrin ń mú un, ó ń dì. Ta ni kí n bú? Ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ò ní bẹ̀rù?

Ní báyìí, inú ń bí àwọn obìnrin sí ẹ̀gẹ́. Wọ́n ń sun igi rẹ̀, wọ́n fẹ́ gbin ẹ̀wà sóyà. Tó bá dọdún tó ń bọ̀, gàrí á wọ́n, wọn á tún máa sáré. Mo sọ fún wọn. Ta ni yóò gbọ́ tèmi tí mo hú tèmi tán?

Irú ẹ̀gẹ́ yín, eléèpo pupa yẹn, Lèma nìkan ló kù sí, lọ́dọ̀ àbúrò mi. Ẹ̀yin lẹ di igi rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó ń lọ ilé ọkọ. Mo gbọ́ pé òun náà fẹ́ sun tirẹ̀. Mo pè é lórí tẹlifóònù, kò gbé e. Orúnkún mi kò lè sọ̀kalẹ̀ òkè mọ́.

Èmi ni, àkọ́bí yín, ẹni tí ẹ kọ́ tó sì mọ̀ ọ́n, tí kò ṣe é.

Kólẹ́tì, ó tó, fi gègé bíìkì yẹn sílẹ̀. Lọ sí Lèma báyìí. Sọ fún àbúrò mi kó má ṣáná sí i. Bó bá ti ṣáná, bá mi tú eérú náà wò, bóyá igi kan ṣì tutù.