Àìsàn Tó Ṣe Ẹja Mi

Ọjọ́rú, Borokiri

Ẹja inú gíláàsì mi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lónìí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀rọ atẹ́gùn ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò sì sí egbò lára ẹ̀. Mo wá tọ́ omi ẹ̀ wò: kò níyọ̀ mọ́! Ẹja òkun ni o. Mo figbe ta.

Ìyá ìyàwó mi jáde. "Èmi ni mo pààrọ̀ omi náà láàárọ̀. Iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ jù. Bàbá Tolú, ṣé ẹ fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe é bíi tèmi ni?"

Àna ẹni ni. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Mà."

Mo rọra da omi oníyọ̀ padà sí i díẹ̀díẹ̀. Ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ báyìí.

Ọbẹ̀ àtẹ́ tí àna mi sè ni mo tún jẹ. Ẹja yẹn nìkan ló ń jẹ iyọ̀ nínú ilé yìí.