Àpótí Tó Dán Káàkiri

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́

Àpótí yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ìyá Fẹ́mi tó ń ta aṣọ ní ọjà Aswani ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gbẹ́ igi. Wọ́n tẹ egungun wẹ́wẹ́ sínú igi ìdérí rẹ̀ bí òdòdó. Ó ní ẹni tó tà á fún òun sọ pé àpótí ayé àtijọ́ ni, òun sì fẹ́ fi ta ìyá ọkọ òun lọ́rẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti pẹ́ lóòótọ́?"

Ibi tí àtàǹpàkò ti ń ṣí àpótí tó pẹ́ ló máa ń dán. Èyí dán káàkiri, títí dé ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Sánpépà nìyẹn! Àbí wọ́n rò pé ojú mi fọ́ ni?

Mo wá yẹ egungun náà wò. Gbogbo ibi tí ọ̀bẹ gbà ló fì sápá ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ òsì ló gé e. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń gé e báyẹn: ọ̀gá mi ní Èjìgbò, tó kọ́ mi níṣẹ́, tó máa ń gbá mi létí tí mo bá parọ́ fún oníbàárà.

Bóyá kì í ṣe òun. Bóyá...

Obìnrin náà ṣì ń wò mí lójú. Mo ní, "Ìyá Fẹ́mi, ó ti pẹ́ gan-an."

Irọ́ náà ti wá di ti èmi àti ọ̀gá mi.