Ojú Philomena Lábẹ́ Ọ̀dà

Èmi, Jákọ́bù Ọlábímtán Adéṣínà, agbẹ́gilére ní Amukoko, ni mo ń há ogún mi lónìí. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì mọ́kànlá ní Èkó ló ń kúnlẹ̀ níwájú iṣẹ́ ọwọ́ mi. Orí mi pé. Ẹ̀yin ọmọ lẹ fẹ́ dà á rú.

1. Tẹjúmọ́lá, ọmọbìnrin mi, ni kó bójú tó ìwé yìí. Òun ló ni ilé Olodi-Apapa àti ewúrẹ́ méjèèjì, títí kan èyí tó máa ń jẹ aṣọ.

2. Irinṣẹ́ mi, ti Azubuike ni, tí mo kọ́ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n òòlù tí Mísì Úna Kwínlán fún mi, inú pósí mi ni kí ẹ gbé e sí.

Ẹ ti gbàgbé Mísì, mo mọ̀. Ọmọ Áyílándì ni. Bàbá rẹ̀ ń gbẹ́ òkúta, ó ní obìnrin kì í di òòlù mú. Mísì di òòlù mú, ó wọkọ̀ ojú omi, ó sọ̀ sí Apapa lọ́dún 1959. Ọgbọ̀n ọdún ló fi gbẹ́ ère fún ṣọ́ọ̀ṣì, títí làkúrègbé fi ká a lọ́wọ́ kò. Òun ló kọ́ mi. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, mo jù ú lọ. Òun náà gbà. Kò kàn sọ ọ́ jáde ni.

Lọ́dún 1981, ó gbẹ́ Màríà fún ìjọ wa. Èmi ni mo gbé ìrókò náà wá láti Wharf Road. Ojú ìyá yín, Philomena, ló gbẹ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Philomena fi jókòó fún un, kò sì lè jókòó lásán, ẹ̀gúsí ló ń bó. Ẹ̀yin ń pe ọwọ́ ère yẹn ní ọwọ́ àdúrà. Ẹ̀gúsí ni! Philomena ti lọ, omi òjò ti ba gbogbo fọ́tò rẹ̀ jẹ́. Ère yẹn nìkan ló kù.

Mísì kú ní 1989. Kò pé ọdún kan, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní àfi kí wọ́n kun Màríà lọ́dà. Ta ni wọ́n pè? Ọlábánjí, àkọ́bí mi, pẹ́ńtà. Ó kun ojú ìyá tó bí i, ó pupa bíi ti òyìnbó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá ṣe fẹ́ ẹ. Mísì tó jẹ́ òyìnbó gan-an kò gbẹ́ ojú òyìnbó! Mo fá a kúrò. Kérésìmesì dé, ó tún kùn ún. Ọdún mẹ́rin, èmi ń fá, òun ń kùn. Lọ́dún yìí apá mi kò gbé e mọ́. Ọ̀dà náà ṣì wà níbẹ̀.

3. Nítorí náà, ilé Amukoko, ti Ọlábánjí ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ Tẹjúmọ́lá ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí mo fi ń fá ọ̀dà ni kí ẹ kọ́kọ́ fún Ọlábánjí. Kí ó fá ojú ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ọjọ́ tí Tẹjúmọ́lá bá wo ère náà tó sì rí ìyá rẹ̀, kí ó fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Mo fọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi:
J. Ọlábímtán Adéṣínà
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejìlá, 1994

Àwọn tó rí i:
Onoriode Efetobore, wẹ́dà, aládùúgbò mi.
Obiageli Nwosu, alága ẹgbẹ́ àwọn ìyá, tí mo mọ̀ọ́mọ̀ pè kó wá gbọ́.