Ọ̀kan Ni Ọkọ̀ Náà: Ìgbé Ayé Ẹnjiníà Ọládiméjì Oyèníyì (1950–2025)

Agboolé Alágbẹ̀dẹ ní Òkèihò ni a bí Ẹnjiníà Ọládiméjì Oyèníyì sí lọ́dún 1950. Jóṣúà Oyèníyì, olùkọ́ ìjọ, ni bàbá wọn. Débórà ni ìyá wọn. Ẹnjiníà Oyèníyì jáde nílé ẹ̀kọ́ girama lọ́dún 1969, wọ́n sì wá sí New York ní 1974 láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ní 1981, wọ́n gbé Mercy, nọ́ọ̀sì, níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní East Flatbush. Co-op City, àdúgbò mìíràn ní New York, ni wọ́n fi ṣe ilé.

Rédà ni iṣẹ́ wọn, irú èyí tó ń ríran kọjá ibi tí ojú mọ lórí òkun. Ó ń ju ìgbì rédíò sókè, ìpele kan lójú ọ̀run á dá a padà sórí òkun lọ́nà jíjìn. Èyí tó bá kan ọkọ̀ á tún gba òkè padà wálé. Oòrùn kì í jẹ́ kí ìpele náà dúró sójú kan, torí náà ìgbì tó bá ọ̀sán mu kì í bá alẹ́ mu. Bàbá a máa ṣàlàyé èyí nídìí oúnjẹ títí ọbẹ̀ á fi tutù.

Lọ́dún 1994, rédà tí wọ́n ń dán wò fi ọkọ̀ méjì hàn. Bàbá ní ọ̀kan ṣoṣo ni, pé ìpele méjì ló dá ìgbì rẹ̀ padà, ọ̀nà ìkejì ló kàn gùn ju ti àkọ́kọ́. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó fẹ́ ra ẹ̀rọ náà ti jókòó. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ń rì, ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni ni rédà náà máa rán àwọn adóòlà ẹ̀mí lọ. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Owó iṣẹ́ Màmá ló gbọ́ bùkátà ilé fún ọdún mẹ́ta, kí ilé iṣẹ́ mìíràn tó gba Bàbá. Inú bí Màmá, wọn kò sì fi pamọ́.

Bàbá ṣe wọ́ọ̀dìn, alábòójútó ìjọ wọn. Ìròyìn ọdọọdún wọn kì í dùn mọ́ fíkà, àlùfáà ìjọ, nínú, torí ẹni tó wá sí ìsìn nìkan ni Bàbá ń kà.

Lọ́dún yìí, àìsàn dá Bàbá dúbúlẹ̀, dókítà sì sọ fún àwọn ọmọ pé oògùn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí a ti ń ṣe nílé wa, wọ́n pinnu pé Bàbá kò ní gbọ́. Màmá ni kò gbà. Wọ́n ní, “Èmi àti Bàbá yín la jọ jìyà òtítọ́ yẹn. Ẹ ò ní parọ́ fún wọn lójú mi.” Màmá fúnra wọn ló sọ ọ́. Bàbá dúpẹ́, wọ́n sì pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dágbére fún wọn.

Ìyàwó wọn, Mercy, ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ, Doyin àti Olúwapẹ̀lúmi, àti àwọn ọmọ-ọmọ, Tiwa àti Dámi.

Ẹ sùn re, Bàbá. Ẹnikẹ́ni kò tàn yín jẹ.